Bí mo ṣe lé òkùnkùn kúrò ní pàséèjì wa

Yàrá mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, pàséèjì láàárín: bí ilé wa n'Íbàdàn ṣe rí nìyẹn. Lọ́sàn-án gangan, tọ́ọ̀ṣì la fi ń wá bàtà. Mo ní kí káfíńtà yọ páànù kan, kó fi oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá rọ́pò rẹ̀, kó sì gé àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé mọ́lẹ̀ kedere. Àfi bí òjò àkọ́kọ́ ṣe dé, tó, tó, tó, láàárín pàséèjì.

Mo gun òrùlé fúnra mi. Inú kòtò ara ike náà, níbi tí omi ń gbà ṣàn, ni káfíńtà náà kan ìṣó sí! Ihò náà tún fún mọ́ ìṣó pinpin. Ike máa ń fẹ̀ nínú oòrùn, á sì súnkì tó bá tutù. Tí kò bá ráyè, á sán ni. A ra òmíràn, a dá ihò tó fẹ̀ ju ìṣó lọ díẹ̀ sí orí ibi tó ga, a fi rọ́bà sábẹ́ orí ìṣó, a sì ki etí rẹ̀ tòkè bọ abẹ́ páànù.

Ẹ má ra èyí tó mọ́ gaara bíi dígí o, ooru ni. Èyí tó funfun bíi wàrà la lò.

Láti àná ni wọn ò ti múná wá. Màmá jókòó sí pàséèjì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.