Tí mọ́tò bá gbóná lójú ọ̀nà Kétu: bí ẹ ṣe máa ṣe é

Oṣù kẹta ni, àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún gbéra láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, à ń lọ Kétu tó wà lápá àríwá níbẹ̀, torí wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Kétu ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. A ti kọjá Sakẹ́tẹ́, a ti kọjá Pobẹ̀, orin ń lọ, ẹran díndín ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó wo abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn. Ìgbà tí ẹni tó wà níwájú fi máa bi wá pé èéfín kí lèyí, abẹ́rẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ibi pupa. Ọ̀rẹ́ wa tó ń wa mọ́tò ní ká jẹ́ kóun rọra fà á dé Kétu, ó ní kò jìnnà mọ́. Gbogbo wa gbà. Rọ́bà omi kan, èyí tó ń gbé omi láàárín rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ló bẹ́ o, rọ́bà lásán, ṣùgbọ́n fífà tá a fà á yẹn ló jó gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, tí orí ẹ́ńjìnnì sì tẹ̀. Owó rọ́bà ò tó nǹkan kan, owó ẹ́ńjìnnì la san fún oṣù mélòó kan. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, kó má bàa ṣe yín bó ṣe ṣe wá.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ yẹ mọ́tò wò, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kì í ṣe àárọ̀ tí gbogbo èèyàn ti gbé báàgì dúró. Ẹ ṣí kapó, ìyẹn ìdérí tó bo ẹ́ńjìnnì, ẹ wo omi rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà omi, pàápàá níbi tí irin ti dì wọ́n mú. Rọ́bà tó bá ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù, tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹ wo bẹ́líìtì náà, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ tẹ táyà àpamọ́ wò bóyá atẹ́gùn wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbé táyà tó ti fọ́ kiri láìmọ̀.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10, aṣọ tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ, okùn tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò, àti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ẹ gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti rọ́bà yìí, ẹ má fojú kéré ẹ̀ rárá, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ owó nílé. Tí mọ́tò bá bàjẹ́, ṣé ẹni tó ni mọ́tò ló máa dá san án ni àbí gbogbo wa la máa dá a? Inú oòrùn kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwa ò sọ ọ́, àwọn méjì nínú wa ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Àjàṣẹ́, ìyẹn dùn mí ju Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tá ò rí lọ.

Tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè

Ẹ pa kílíìmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú inú mọ́tò tutù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kẹ́ ẹ wá tan atẹ́gùn gbígbóná dé ìpẹ̀kun. Ooru á mú yín o, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà jáde yẹn, á jẹ́ kẹ́ ẹ ríbi tó dáa dúró sí. Tí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibi pupa tàbí tí èéfín ti ń jáde, ẹ dúró níbẹ̀ náà kẹ́ ẹ pa á, ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀. Láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan níbẹ̀, lẹ máa bá lápá ibì kan, amọ̀ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń sán, nígbà òjò ó ń gbé táyà mì, nítorí náà tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ má wọnú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jù.

Kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀ lápá igbó, kì í ṣe lápá títì. Ẹ gbé àmì pupa onígun mẹ́ta tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó kéré tán 30 mítà, èmi á ní kó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ torí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ò lè tètè dúró. Tí ẹ ò bá ní, ẹ ṣẹ́ ewé, ẹ tò ó sójú ọ̀nà, gbogbo awakọ̀ ló mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹ má tíì ṣí rédíétọ̀

Ọ̀kan nínú wa ti ń na ọwọ́ sí ìdérí ẹ̀ tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ fi ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú ẹ lò ń wá yẹn o." Òótọ́ ni. Omi inú ibẹ̀ ti gbóná kọjá 100°C, ibi tí omi ti ń hó, ìdérí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó hó, ẹ ṣí i báyìí, gbogbo ẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà á sì tú síni lójú. Ẹ dúró tó 30 ìṣẹ́jú, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ di rọ́bà òkè mú, tí ọwọ́ bá lè gbé e tí rọ́bà náà sì rọ̀, ẹ fi aṣọ bo ìdérí, ẹ yí i díẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí, kẹ́ ẹ tó wá ṣí i tán. Omi tútù, díẹ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, irin gbígbóná tí wọ́n bá da omi tútù lù lójijì lè sán.

Bàbá yẹn ló tú rọ́bà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó fi aṣọ nu ibi tó bẹ́ yẹn títí ó fi gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka mẹ́ta ṣáájú ibẹ̀, ó ń fa rọ́bà yẹn títí ó fi fẹ́lẹ́, gbogbo bó ṣe ń wé e ló ń gun ìdajì èyí tó ti wé, bí ẹni ń di ọgbẹ́, ó wé e kọjá ibẹ̀ níka mẹ́ta kó tó so ó. Ó ní ká má dé ìdérí rédíétọ̀ pa, ká fi sílẹ̀ níbi àkọ́kọ́ tó ti ń há, kí agbára omi má bàa já ohun tóun dì. Pẹ̀lú ẹ̀, mọ́tò lè rọra rìn dé ìlú tó sún mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá ń dúró wo abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ sì ń bu omi sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Tí ọ́ìlì bá ti rí bíi kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí, bí tiwa ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, tàbí tí èéfín funfun ò yéé jáde nídìí mọ́tò, ẹ má wà á mọ́, ẹ fi okùn wọ́ ọ tàbí kẹ́ ẹ rán ẹnì kan lọ pe mẹkáníìkì lórí zémì, ìyẹn ọ̀kadà. Kó mọ orúkọ mọ́tò àti ọdún ẹ̀ dáadáa, kí mẹkáníìkì lè gbé ohun tó yẹ wá. Ẹ sọ iye owó kó tó fọwọ́ kàn án.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má sun inú mọ́tò lójú títì, ẹ wọ abúlé tó sún mọ́ yín, ẹ kí baálẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe yín. Àwa, ilé bàbá oníkẹ̀kẹ́ la sùn, ìyàwó ẹ̀ gbé àmàlà síwájú wa, kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ mọ́tò wa láàárọ̀, a ti ń lọ kí bàbá tó pè wá padà pé ẹ wá kó ewé yín. Ẹ rí i dájú pé ẹ kó gbogbo ẹ̀, ewé àti òkúta tẹ́ ẹ fi há táyà, torí ẹni tó ń fi ọ̀kadà bọ̀ lálẹ́ kò ní rí i.