Òkè Ìdànrè Kò Sí Lórí Pẹpẹ Kan Ṣoṣo

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bá mi nídìí káńtà láíbìrì, lọ́nà Àlàbàtà níbí, tó ní òun ń wá ìwé lórí Òkè Ìdànrè, màá bi í pé: òkúta rẹ̀ lo ń wá ni, àbí àwọn èèyàn rẹ̀, àbí ẹranko ibẹ̀? Wọn kì í jọ wà lójú kan. Nínú láíbìrì tó ń lo Library of Congress, ètò tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà to ìwé, òkúta wà ní QE, ewéko ní QK, ẹranko ní QL, ìtàn ìlú sì wà ní DT 515. Ẹni tó bá jókòó ti DT nìkan, ìtàn ọba ló máa rù délé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ti fi pe ohun tí ẹ ń wá sórí bébà. Ufẹ̀ Òkè ni orúkọ àtijọ́ Ìdànrè. Àwọn onímọ̀ òkúta ń kọ “Idanre batholith”. Ẹlòmíì á kàn kọ “Older Granite”. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ará Abẹ́òkúta, torí nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì, “Abbeokuta” ni wọ́n ń kọ ìlú wa, b méjì.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Orí Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i rí. Schiøtz, onímọ̀ nípa ẹranko, ló júwe rẹ̀ ní 1963, ó sọ ọ́ ní Bufo perreti. Wọ́n wá sọ ọ́ di Amietophrynus perreti. Lónìí, Sclerophrys perreti ló ń jẹ́. Bí ẹ bá tẹ orúkọ tuntun nìkan, iṣẹ́ 1963 lè má jáde. Bí ẹ bá tẹ ti àtijọ́ nìkan, ẹ lè má gbọ́ pé wọ́n tún padà rí i ní 2013, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni ò fojú kàn án. Ẹ tẹ “perreti” àti “Idanre” papọ̀; perreti ò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orí ayélujára ni àwọn àkójọ iṣẹ́ ìwádìí wà. AJOL, tó kó jọ́nà Áfíríkà jọ, ṣí sílẹ̀ fún ìwákiri. Ti JSTOR àti Research4Life, ẹ béèrè ọ̀nà àbáwọlé lọ́wọ́ láíbìrì yín. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Fáìlì ìjọba amúnisìn ńkọ́? Ìbàdàn ni. National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Kenneth Dike Library náà wà, ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀. Abẹ́ “Ondo Prof”, ìyẹn àkójọ fáìlì Ondo Province, ni kí ẹ ti wá Ìdànrè, torí abẹ́ rẹ̀ ni Ìdànrè wà nígbà náà. Ẹ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka yín dání, àti pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí àwọn èèyàn ń dà kọ kiri: UNESCO kò tíì fi Ìdànrè sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣì ń dúró ni orúkọ rẹ̀ wọ̀ ní 2007. Bí ẹ bá kọ òdìkejì rẹ̀ sínú project, olùkọ́ tó bá mọ̀ ọ́n á fi bírò pupa kí yín.