Ilé etíkun ní Ìlàṣẹ: ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó sáré lọ sómi

Ìlàṣẹ wà lórí ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan ní ìwọ̀ oòrùn ẹnu òkun Èkó. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà tó lọ sí Àgbádárìgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ̀ débẹ̀, láti èbúté tó wà ní Victoria Island tàbí Ìkòyí. Ìdí nìyí tí ilé tí ẹ yá níbẹ̀ fi yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì àárín ìgboro: ohun tí ẹ bá gbàgbé sílé, ẹ ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá sì bàjẹ́ nígbà tílẹ̀ ti ṣú, ó di àárọ̀. Wákàtí kan àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀ ló ń sọ bí ìsinmi náà yóò ṣe rí. Nítorí náà, ẹ gbéra kúrò ní èbúté kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ lè fojú ìmọ́lẹ̀ yẹ ilé wò. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì di ìdè rẹ̀ pa. Èyí tí kò bá ọmọdé lára mu yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi, torí náà ẹ béèrè fún ti ọmọdé ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè bóyá òkun ni ilé kọjú sí tàbí ọ̀sà. Atẹ́gùn pọ̀ ní apá òkun, ẹ̀fọn kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú atẹ́gùn ń jẹ gbogbo ohun onírin. Omi rọlẹ̀ ní apá ọ̀sà, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ béèrè bí jẹnẹrétọ̀ ṣe tóbi tó, ẹni tí yóò ra epo, àti bóyá owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ wà nínú owó ilé. Ẹ má gbé epo bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ tó kó èrò. Kí onílé tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ilé bá yín rà á sílẹ̀.

Iná àti omi ló ṣáájú

Ẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé dáadáa. Bó bá jẹ́ àgbà, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ilé" kò pọ̀ jù. Òun ló mọ kọ́kọ́rọ́ tó ń há, òun ló sì mọ ìṣesí jẹnẹrétọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí iná yóò fi tàn.

Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ igi ìwọn ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún yọ ọ́. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Ẹ tan ẹ̀rọ náà láìgbé iná kankan lé e, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tó yí ṣéńjọ́fà. Gílóòbù àti fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà fíríìjì, kó tó kan ẹ̀rọ amúlétutù, torí pé iná tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń fà lẹ́yìn náà lọ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA lè gbé amúlétutù kékeré kan pẹ̀lú fíríìjì, fáànù àti gílóòbù. Bí ẹnì kan bá wá ki kẹ́tù oníná tó ń jẹ 2,000 wáàtì mọ́ ọn, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Orí gáàsì ni kẹ́ ẹ ti se omi tíì.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Ó kéré tán, kó jìnnà tó mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn yàrá, kí atẹ́gùn má sì máa fẹ́ èéfín rẹ̀ wọlé. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ kó tó pa á. Bó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbé e sí, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò, tàbí kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn.

Bí iná bá ti dúró, ẹ fa omi sí tánkì títí yóò fi ṣàn dànù. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá kún fún ọṣẹ nílé ìwẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ń kùn, tí omi kò sì jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ pa á. Ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn wà nínú páìpù, ẹ̀rọ tó bá sì ń yí láìsí omi nínú rẹ̀ máa ń gbóná títí yóò fi jó.

Kànga tí wọ́n gbẹ́ sáàárín òkun àti ọ̀sà sábà máa ń níyọ̀. Ẹ fi díẹ̀ kan ahọ́n, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́: bí ọṣẹ kò bá hó dáadáa, ẹ fi omi náà mọ sí ìwẹ̀ àti abọ́ fífọ̀. Bí ẹ bá sè é, iyọ̀ rẹ̀ kò ní lọ. Ńṣe ni yóò le sí i bí omi ti ń gbẹ. Lítà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ka fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún mímu. Àpò píọ́wọ́tà kan ní ọ̀rá ogún, bíi lítà mẹ́wàá. Ẹni mẹ́fà fún ọjọ́ méjì yóò mu lítà 36, ìyẹn àpò mẹ́rin. Ẹ fi méjì kún un fún oúnjẹ. Ẹ di omi ìgò díẹ̀ ní yìnyín láti ilé, ẹ kó o sísàlẹ̀ kúlà pẹ̀lú ẹran àti ẹja tó ti dì gan-an. Bí wọ́n bá ti yọ́, ẹ ti rí omi tútù mu.

Gáàsì àti yàrá

Iyọ̀ máa ń jẹ ẹnu sílíńdà àti orí sítóòfù. Ẹ ṣí gáàsì, ẹ fi kànìnkànìn tó ní ìfófòó ọṣẹ púpọ̀ pa ẹnu rẹ̀ àti gbogbo ara okùn rẹ̀. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ tì í, kí ẹ má ṣáná rárá.

Ẹ fi fóònù ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú ẹrù, pàápàá ohun tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, torí owó ìdúró tí onílé gbà lọ́wọ́ yín, tí yóò dá padà bí ẹ kò bá ba nǹkan jẹ́. Ẹ dán gbogbo ilẹ̀kùn wò. Irin ojú fèrèsé tó ní àgádágodo gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó wà níbi tí gbogbo yín mọ̀, bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru. Ẹ ti fèrèsé kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn bí amúlétutù bá tilẹ̀ wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan àti ife lẹ́nu ọ̀nà fún ẹsẹ̀ fífọ̀ ni kò ní jẹ́ kí iyanrìn dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Òkun fúnra rẹ̀

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ má retí pé ẹnì kan wà tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ìgbì sábà máa ń lágbára jù.

Kí ẹ tó wọ omi, ẹ dúró síbi tó ga, ẹ wo ojú òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbi tí ìgbì bá ti ń fọ́ funfun lọ́tùn-ún àti lósì, tí àárín dákẹ́, tí omi ibẹ̀ dúdú tàbí tó ń gbé iyanrìn àti ìfófòó jáde lọ, ibẹ̀ ni omi tí ìgbì gbé wá ti ń padà sínú òkun. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò sábà máa ń yàn, torí ó dà bí ibi tó rọ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́. Bí omi náà bá gbé yín, ẹ má dojú kọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá a jà, torí àárẹ̀ ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí etí òkun wà ní apá yín, títí fífà náà yóò fi dẹ̀, kí ẹ tó yí padà sílẹ̀. Bí agbára bá tán, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, ẹ máa ju ọwọ́.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó ṣófo, ẹ dé e pinpin, ẹ so okùn gígùn mọ́ ọn, ẹ gbé e sí etí omi níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Òun ni kẹ́ ẹ jù sí ẹni tó bá wà nínú ewu. Ẹni tó bẹ́ sómi láti yọ ọmọnìkejì rẹ̀ lè bá a lọ. Ní ti ọmọdé, kí àgbà kan tí kò mutí wà nítòsí débi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó ọmọ, kẹ́ ẹ sì máa gbà á fún ara yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń ga jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá yọ kíkún. Ìlà pàǹtírí àti igi tí omi kó jọ sórí iyanrìn ló ń fi ibi tó dé gbẹ̀yìn hàn. Òkè ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní sí.

Ọjọ́ tí ẹ ó lọ

Ẹ pa amúlétutù àti fíríìjì kẹ́ ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti gáàsì láti orí sílíńdà. Ẹ kó ọ̀rá píọ́wọ́tà àti ìgò sínú àpò, ẹ gbé e bọ̀ wá sí Èkó, torí ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, inú òkun ni atẹ́gùn ń gbé e lọ. Kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé bá yín rin yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fídíò ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ pe awakọ̀ ojú omi láàárọ̀, kẹ́ ẹ bi í bóyá omi yóò fà lápá ọ̀sà lákòókò tí ẹ fẹ́ lọ. Bí omi bá ti fà jù, ọkọ̀ kò ní lè sún mọ́lẹ̀, ẹ ó sì gbé ẹrù lérí wọ inú ẹrẹ̀ títí dé orókún.