Ìdẹ tí eku kò fẹnu kàn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun èlò ìdẹ tàkúté

Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mò ń dá, òkété àti eku oko ni mo sì ń dẹ tàkúté fún ní ẹ̀bá rẹ̀. Nígbà tí tàkúté kò bá pa ẹran, òun la máa ń bú. Ike, odó àti ọwọ́ tí a fi po ìdẹ kì í jẹ̀bi lójú wa. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí, ọ̀dọ̀ wọn ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gún èkùrọ́ àti ẹja gbígbẹ pọ̀, ó ń ta sánsán. Àmọ́ ẹsẹ̀ òkété nìkan là ń bá nílẹ̀ láàárọ̀, kò fẹnu kan ìdẹ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.

Àbúrò mi, inú kí ni ìdẹ náà wà kí o tó gbé e lọ sóko? Bó bá jẹ́ inú ike ni, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ike máa ń fa òórùn mọ́ra, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀. Èmi náà ti po ìdẹ rí nínú ike tí wọ́n fi ra kẹrosíìnì. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé imú lé e, n kò gbọ́ òórùn kankan, mo ní ó ti tán. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ wo tàkúté tí kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀.

Imú tèmi kọ́ ni òkété ń lò. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, imú ló fi ń rìn lóru. Ní Morogoro lórílẹ̀-èdè Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ìbátan òkété wa yìí láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Magawa nínú wọn rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ tó lé ní 70 ní Cambodia kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Ẹran tó ń gbóòórùn bọ́ǹbù láti abẹ́ ilẹ̀, ṣé kẹrosíìnì ló máa pa mọ́ ọn lára?

Wá ìgò onídèérí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta jáàmù tàbí kọfí. Omi eérú ni kí o fi fọ̀ ọ́, má fi ọṣẹ olóòórùn kàn án. Ṣàn án dáadáa, kí o sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, dé e pa lófìfo di ọjọ́ kejì. Bí o bá ṣí i, gbé imú lé e lójú ẹsẹ̀: òórùn tó bá kù níbẹ̀ yóò ti kóra jọ, wàá gbọ́ ọ. Gbóòórùn inú ìdérí náà, torí pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí òórùn lọ. Bí ó bá ṣì ń rùn, dá a padà sóòrùn.

Ohun èlò wo gan-an ni kí n rà? Owó ọwọ́ mi kò pọ̀.

Kò tó nǹkan. Odó kékeré tàbí ọlọ, páànù tí o máa fi yan nǹkan, ìgò mẹ́ta, síbí onígi, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú. Ajọ̀ dára bí o bá ní in, àìsí rẹ̀ kò sì ní kí ìdẹ má ṣe é ṣe. Má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan. Ìdẹ tí a gún lódó kì í kúnná jù, eku sì fẹ́ràn ohun tó máa fi eyín họ.

Bí mo ṣe ń pò ó rèé: agolo mílíìkì méjì ẹ̀pà yíyan, agolo kan èkùrọ́, ẹja gbígbẹ tó tó àtàǹpàkò, síbí epo pupa kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ni àwọn tó ń kọ́ òkété ní Tanzania fi ń san án lẹ́san nígbà tó bá ṣe dáadáa, ìyẹn ni ẹ̀pà fi pọ̀ nínú tèmi.

Ìdẹ mi kì í tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń bu. Funfun á bò ó lórí.

Omi ni, mà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀pà yín kò yan dénú, tàbí pé ẹ bomi sí i kó lè lẹ̀, tàbí pé síbí tútù lẹ fi ń bù ú. Ẹ yan ẹ̀pà títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa bọ́ bí ẹ bá fọwọ́ rá a, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kó tó wọ ìgò. Bí ẹ bá rọ ọ́ gbígbóná, ooru rẹ̀ á di omi lára ìdérí, omi náà á sì kán padà sínú ìdẹ. Epo pupa ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìgò kéékèèké mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ, torí pé èyí tí ẹ kò tíì ṣí kò ní í gba atẹ́gùn. Èyí tó bá ti bu, ẹ má ṣe fún adìyẹ jẹ o. Ẹ̀pà tó bu máa ń ní májèlé nínú.

Eku ń jẹ ìdẹ lọ, tàkúté kì í sì í pa á.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹ̀bìtì tí kò peku, ó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Ìdẹ rẹ ló tóbi jù, tàbí kó rọ̀ jù. Òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́, kì í dúró jẹun síbi tó ti rí i. Á kó o sẹ́nu, á gbé e lọ sí ihò. Bí ìdẹ bá jókòó lásán sórí irin, á rọra gbé e kúrò.

Ibí ni abẹ́rẹ́ àti òwú ti wúlò. Gé aṣọ pélébé láti ara súwẹ́ẹ̀tì tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kó tó èékánná méjì. Fi ìdẹ tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sáàárín rẹ̀, di í bí èèyàn ṣe ń di owó sétí aṣọ, rán ẹnu rẹ̀, kí o sì so ó mọ́ irin ibi tó ń ta. Ó di dandan kó fà á. Bí ó bá ti fà á, tàkúté á ta.

Èèrà ni kì í jẹ́ kí ìdẹ mi di alẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o máa dẹ ẹ́, kì í ṣe ọ̀sán. Bí o bá ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí oyin sínú rẹ̀, yọ wọ́n kúrò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Nílé, gbé ìgò sínú àwo tí omi wà.

Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń lọ ata lọ̀ ọ́, kí n sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà?

Rárá o. Ata kì í tán lára ẹ̀rọ, eku á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti ilé rẹ ló ń dùn mí jù. Ohun èlò tó bá ti ń bá ìdẹ lọ sóko, tó ń bá ọwọ́ tó di eku mú pàdé, kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́. Ara eku ni ibà Lassa ti ń wá. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969, àmọ́ kò jìnnà sí wa: Ìpínlẹ̀ Ondo wà lára ibi tó ti ń jà jù, ẹ bi ará Ọ̀wọ̀ léèrè. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé e dé ara oúnjẹ àti ohun èlò. Ọwọ́ tó ní egbò tó kan ẹ̀jẹ̀ eku náà tún léwu.

Nítorí náà, fi ọ̀dà pupa sàmì sára odó, síbí àti ìgò ìdẹ, kí o kó wọn sínú àpótí kan lẹ́yìn ilé. Wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí o bá ń po ìdẹ àti nígbà tí o bá ń yọ ẹran. Láàárín ọjọ́ 6 sí 21 lẹ́yìn tí àrùn náà bá wọlé ni ibà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ara rẹ bá gbóná, má ṣe máa ra oògùn ibà ẹ̀fọn jẹ nílé lásán. Lọ sí ọsibítù, kí o sì sọ fún dókítà pé eku lò ń dẹ. Ìtọ́jú tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là.

Ẹnì kan ní kí n po òtápíápíá mọ́ ọn, kó lè dájú.

Ẹni yẹn kò fẹ́ ire fún ọ. Eku tó jẹ ẹ́ lè rìn kúrò níbẹ̀ kó tó kú, ajá aládùúgbò á jẹ ẹ́, tàbí kí ọmọ kan rí i he kó sun ún jẹ. NAFDAC pàápàá ti fòfin de títa àwọn ike kéékèèké irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti pò ó, gbẹ́ ihò jíjìn síbi tó jìnnà sí odò àti kànga, da ìdẹ náà sí i, kí o sì sin ìgò rẹ̀ mọ́ ọn. Má fọ̀ ọ́ lò.