Bí a ṣe ń yẹ ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn wò kí a tó pín in fún oko, màlúù àti igi

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn máa ń tan ojú. Nínú oṣù Kẹsàn-án, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, gbogbo rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, èrùwà á ga ju ènìyàn lọ, olùra ilẹ̀ á sì gbà pé ibi tí koríko ti ń ga báyìí, iṣu á ta níbẹ̀. Ohun tó ń dí ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ kì í sábà hàn lókè. Yangí tó wà nísàlẹ̀ ni, àti ẹ̀ẹ̀rùn oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán ni kí ẹ lọ: ní ìparí oṣù Kẹta láti rí bí omi ṣe ń gbẹ tó, àti nínú oṣù Kẹsàn-án láti rí ibi tí omi ti ń dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ yàn.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ ilẹ̀

Ẹ lọ bá baálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ti dáko níbẹ̀ rí, àwọn ọdẹ, àti àwọn Fúlàní tó ń da màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ilẹ̀ náà dára?” Gbogbo wọn ni yóò ní ó dára. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni ilẹ̀ náà ti sinmi, kí ni wọ́n gbìn kẹ́yìn, kí ló dé tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, oṣù wo ni odò ń gbẹ, oṣù wo ni iná ń jó o, ibo ni ọ̀nà màlúù gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ewéko bóyá ó jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n sọ. Ibi tí ẹ̀kan bá bò pátápátá, ilẹ̀ ti ṣá níbẹ̀, iná sì ń jó o léraléra. Ibi tí igi òrí àti igi igbá ńláńlá bá dúró káàkiri láìsí igbó láàárín wọn, oko àtijọ́ ni, nítorí àgbẹ̀ kì í gé igi méjèèjì yìí nígbà tó bá ń ṣán oko. Bí wọ́n bá ti gbin àgbàdo tàbí ọkà bàbà síbẹ̀ rí, ẹ wá Striga, koríko kékeré olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń fa oúnjẹ lára gbòǹgbò ọkà. Èso rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù.

Láti orí òkè dé odò

Ẹ má rìn gba ojú ọ̀nà, torí ibi tí ẹsẹ̀ ti rọrùn ni ọ̀nà máa ń gbà. Ẹ rìn tààrà láti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ dé odò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń yí padà: òkúta tàbí yangí lókè, ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iyanrìn ní ẹsẹ̀ òkè, àkùrọ̀ létí odò. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú Yorùbá pe díẹ̀ nínú wọn. Bí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé Apòmù, iyanrìn ẹsẹ̀ òkè ló ń wí.

Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara, tó gùn ní mítà 12, wọn bí ilẹ̀ ṣe dà. Ẹ rọ omi sínú rẹ̀, ẹ so ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ igi tí ẹ ti sàmì sẹ̀ǹtímítà sí, kí ẹni méjì sì fi mítà 10 jìnnà síra. Bí omi bá fi 30 sẹ̀ǹtímítà yàtọ̀ lára igi méjèèjì, ilẹ̀ náà ń dà ní 3 nínú 100. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rọ́bà, irọ́ ni yóò pa, ẹ tú u kí ẹ tún un rọ. Ilẹ̀ tí kò ju 5 nínú 100 lọ gba oko. Láti 5 dé 12, àfi kí ẹ kọ poro dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún igi.

Kòtò ni ẹlẹ́rìí tòótọ́

Ẹ gbẹ́ kòtò kan ó kéré tán ní ìpele kọ̀ọ̀kan láti orí òkè dé odò, kó jìn ní mítà kan, kó sì gba ènìyàn dúró. Ẹ kọ ògiri kan sí oòrùn kí ẹ lè rí àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn ibi tí ọkọ́ ti kọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí yangí tó ti dì mọ́ra: gbòǹgbò lè wá ọ̀nà gba àárín ti àkọ́kọ́, kò lè gba ti èkejì. Bí yangí bá wà kí ó tó pé 30 sẹ̀ǹtímítà, koríko nìkan ni ibẹ̀ wà fún. Láti 30 dé 50, ẹ̀pà àti ọkà bàbà lè ṣe. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti sóyà ń fẹ́ ju 50 lọ. Iṣu tó bá kan yangí á pín bí ọmọ ìka, ọjà kò sì ní í gbà á. Tíìkì àti kajú ń fẹ́ mítà kan ó kéré tán.

Ẹ ṣọ́ra fún yangí rírọ̀, èyí tí ọ̀bẹ ṣì lè gé. Bí àgbàrá bá wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ, tí oòrùn sì kàn án, á le bí òkúta, kò sì ní í rọ̀ mọ́. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí katakata láé.

Ilẹ̀ tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ rúsúrúsú dé ìsàlẹ̀, omi ń jò nínú rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú àmì bí ìpẹtà, omi ń dúró níbẹ̀ lójò. Ibi tí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ń ga dé, kódà bí kòtò bá gbẹ táútáú nínú oṣù Kẹta. Ẹ̀gẹ́ á jẹrà níbẹ̀. Ìrẹsì ló yẹ ẹ́.

Fún ilé àyẹ̀wò, ẹ bu ilẹ̀ níbi 15 sí 20 ní ìpele kan náà, láti òkè dé 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ pò ó nínú ike mímọ́, ẹ mú bíi kílò kan, ẹ sá a lábẹ́ òjìji. Ẹ má bù ú lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, níbi tí igi ti jó di eérú, tàbí níbi tí màlúù ti sùn. Ìwọ̀nba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbogbo èsì í bàjẹ́. Ilé àyẹ̀wò wà ní àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ méjì, IITA àti ní IAR&T ní Ìbàdàn.

Màlúù mélòó?

Ẹ fi igi ṣe férémù mítà kan níbùú lóròó. Ẹ padà lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ níbi 20 láìyan ibi tó wù yín, ẹ gé koríko inú rẹ̀, kó ku bíi 5 sẹ̀ǹtímítà nílẹ̀. Ẹ sá a títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ẹ yọ èyí tí màlúù kì í jẹ kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 250 ní ìpíndọ́gba, ìyẹn kílò 2,500 ní hẹ́kítà kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni kí ẹ kà sí oúnjẹ, bíi 830. Ìyókù ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ikán àti èyí tó gbọ́dọ̀ bo ilẹ̀. Màlúù tó wọn kílò 250 ń jẹ bíi kílò 6.25 lóòjọ́, ìyẹn bíi 2,280 lọ́dún. Màlúù kan á gba hẹ́kítà 2.7, hẹ́kítà 100 á sì bọ́ bíi 36.

Bí iná bá ń jó ibẹ̀ lọ́dọọdún, ìṣirò yìí kò dúró. Kódà láìsí iná, èrùwà tó ti gbó ní oṣù Kìíní ti di igi: ikùn á yó, ara á máa joro. Ẹ ka igi apá tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ewé rẹ̀ ni àwọn Fúlàní ń gé fún màlúù lẹ́ẹ̀rùn. Ní ti omi, ẹ ṣírò lítà 30 sí 40 fún màlúù kan lóòjọ́, kí ẹ sì fi kànga ìparí oṣù Kẹta dán an wò.

Igi

Ẹ fi okùn pààlà mítà 20 níbùú, mítà 50 lóròó. Hẹ́kítà kan pín sí mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ wọn àyíká igi kọ̀ọ̀kan ní mítà 1.3 sókè, ẹ fi 3.14 pín in kí ẹ lè mọ bó ṣe nípọn. Ṣùgbọ́n ọmọ igi ni kí ẹ kà dáadáa. Bí òrí ńlá bá pọ̀ tí ọmọ òrí kò sí, iná, màlúù tàbí ọkọ́ ń pa á, igbó náà sì ń kú lọ bó tilẹ̀ ń so. Bí ẹ bá rí kùkùté ayìn àti ojú èédú, ẹ béèrè ẹni tó ń gé e kí ẹ tó gbin igi kankan.

Pípín in

Fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ohun tó burú jù lọ nínú ohun tí ẹ wọ̀n ni kó pinnu, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ilẹ̀ tó jìn ní mítà kan ṣùgbọ́n tó ń dà ní 15 nínú 100 kì í ṣe oko. Ẹ kọ ìpele kọ̀ọ̀kan sórí máàpù pẹ̀lú GPS fóònù yín, ẹ sì fi ọ̀nà màlúù sí i kí ẹ tó fa ààlà oko, torí oko tó bá dí i kò ní í sinmi ìjà. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ di gbogbo kòtò, kí màlúù má baà kán lẹ́sẹ̀.