Ìdí ọmọ yọ, ẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni: àṣìṣe tí a ń ṣe lórí aràn oníkòbókò

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Tó bá ti ń yàgbẹ́, ìdí rẹ̀ á yọ síta, ìyá rẹ̀ á fi aṣọ tútù rọra tì í wọlé. Gbogbo ilé ló ti mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é: jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n gba súùtì lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n wá ń rọ àgbo sí i lẹ́nu láràárọ̀. Oṣù méjì gbáko. Ìgbà tí wọ́n tó gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ni wọ́n rí ẹyin aràn nínú rẹ̀, tó rí bí àgbá kékeré tí wọ́n dí lẹ́nu méjèèjì.

Ṣúgà kì í bí aràn. Aràn tí mò ń pè ní oníkòbókò yìí (whipworm lédè Gẹ̀ẹ́sì), iwájú rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn kòbókò, ẹ̀yìn rẹ̀ ki bí èèkù, gígùn rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ. Inú ìfun ńlá ló ń gbé. Tó bá pọ̀ lára ọmọ, ìgbẹ́ á ní ikun àti ẹ̀jẹ̀, ọmọ á máa tiraka láti yàgbẹ́ nígbà tí kò sí ìgbẹ́ mọ́, títí ìdí á fi yọ. Ẹ̀jẹ̀ á dín lára rẹ̀, kò sì ní ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé aràn ló ń fa gbogbo ìdí tó bá yọ o. Nǹkan mìíràn wà tó ń fà á. Àmọ́ ẹ yẹ ìgbẹ́ wò kí ẹ tó dá súùtì lẹ́bi.

Àwọn kan á ní, "Mi ò kúkú rí aràn nínú ìgbẹ́ rẹ̀." Èyí tó máa ń jáde tí gbogbo ilé á fi pariwo ni aràn ńlá tó dà bí ekòló. Oníkòbókò ti fi orí gún ara ìfun, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin 3,000 sí 20,000 lóòjọ́, ojú lásán ò sì lè rí ẹyọ kan.

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi ni ti póò. "Ìgbẹ́ ọmọdé ò ní nǹkan nínú," wọ́n á dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ibi tó tutù, tó ní òjìji, ibẹ̀ gan-an ni ẹyin ń fẹ́. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ lo bí ọjọ́ 15 sí 30 nínú ilẹ̀ kó tó lè ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má ya abọ́ ọmọ náà sọ́tọ̀ bí mo ti rí i tí àwọn kan ṣe. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni máńgòrò ń jábọ́ sí, tí ọmọ á mú un, á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á gé e jẹ.

Abọ́ ìfọwọ́ náà ńkọ́? Ará Èkìtì ni wá, ọwọ́ la fi ń jẹ iyán, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra fọ́ọ̀kì. Àmọ́ ènìyàn mẹ́fà á ti oko dé, wọ́n á ki ọwọ́ bọ omi kan náà. Àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́. Nígbà tó bá fi máa kan ọmọdé, omi ti di ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa bu omi sí ẹlòmíràn lọ́wọ́, pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì gé èékánná àwọn ọmọ.

Bàtà dára, nítorí aràn mìíràn ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé. Oníkòbókò kì í gba ibẹ̀. Ẹnu ló ń gbà.

Ó wá ku ti oògùn. Wọ́n á ra albendazole kan ní kẹ́mísìtì, ọmọ á jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹyọ kan yẹn ń lé aràn ńlá dáadáa, àmọ́ agbára rẹ̀ ò tó nǹkan lórí oníkòbókò. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi sábà máa ń fúnni lò fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, aboyún tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Tí wọ́n bá gbé oògùn aràn wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fi ọmọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ènìyàn bílíọ̀nù 1.5 ló ní irú àwọn aràn tí à ń kó láti inú ilẹ̀ báyìí lára, síbẹ̀ àrùn tí a pa tì ni wọ́n ń pè é, torí kì í pani wéré, kì í sì í di ìròyìn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ìdí rẹ̀ ò yọ mọ́, wọ́n ti dá ṣúgà padà sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń da póò sí.