Omi táǹkì ẹja yín ti yí àwọ̀ padà, algae (ohun bí ewéko tó máa ń hù nínú omi) sì ń bo ewéko inú ẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra oògùn algae, ẹ wo àwọ̀ tí omi yẹn yí sí ná. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife gíláàsì, ẹ gbé bébà funfun sẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa rí i dáadáa ju bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó nínú táǹkì lọ. Ohun tó ń sọ omi di funfun yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ẹni tó bá sì lo ìtọ́jú ọ̀kan fún ìkejì, ẹja ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Tó bá funfun tó sì rú, táǹkì yẹn ò sì tíì pẹ́, bakitéríà ló ń pọ̀ sí i, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ má fọ fílítà, ẹ má tú ilẹ̀ táǹkì, ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ammonia àti nitrite (májèlé tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà) wò, tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti kúrò ní 0 ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ náà. Táǹkì tó ti pẹ́ tó ṣàdéédéé funfun, ẹ wá ẹja tó kú sábẹ́ ewé tàbí oúnjẹ tó ń jẹrà. Èyí tó pọ́n bí omi tíì, igi tẹ́ ẹ gbé sínú ẹ̀ ló ń fà á, kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan, tí ò bá wù yín ẹ fi activated carbon (èédú tó máa ń fa àwọ̀ omi mọ́ra) sínú fílítà.

Omi aláwọ̀ ewé ló ń dààmú èèyàn jù. Algae tíntìntín ló ń léfòó nínú omi yẹn, wọ́n ń bí sí i débi pé tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ omi lónìí, kò ní pẹ́ tó fi tún padà. Ẹ pa iná táǹkì, ẹ pa CO2 (afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún ewéko) náà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó kanlẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 4, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ torí algae tó ń kú máa ń jẹ́ kí ẹja má rí èémí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pààrọ̀ omi tó ìdajì. Iná UV (ẹ̀rọ tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá) náà máa ń mú un kúrò. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé sí táǹkì yẹn, asán ni gbogbo ẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Iná gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ra táímà, kó máa tan iná fún wákàtí 6 lójúmọ́, tí ewéko bá ti ń dàgbà dáadáa ẹ lè gbé e dé 8. Ẹ gbin ewéko tó ń yára dàgbà bíi Hygrophila àti hornwort lọ́pọ̀, àwọn ló máa jẹ oúnjẹ tí algae ì bá jẹ. Ẹ pààrọ̀ omi 30 sí 50 nínú 100 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ chlorine kúrò nínú omi tuntun, fóòmù fílítà náà, omi tẹ́ ẹ fà jáde látinú táǹkì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kí bakitéríà rere má bàa kú.

Èyí tó lẹ̀ mọ́ nǹkan ńkọ́? Eruku pupa rẹ́súrẹ́sú inú táǹkì tuntun, ẹ nù ún, ó máa tán. Àmì aláwọ̀ ewé tó le lórí gíláàsì àti ewé Anubias, phosphate (ọ̀kan nínú oúnjẹ ewéko) ló sábà máa ń kéré, ajílẹ̀ ló ń fẹ́ o, ẹ má dín in kù. Algae tó dà bí irùngbọ̀n dúdú máa ń wá tí CO2 bá ń lọ sókè sódò, ẹ pa fílítà, ẹ fi sírínjì fín hydrogen peroxide ìdá 3 nínú 100 díẹ̀díẹ̀ sí i lára, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó tan fílítà padà, tó bá ti ń pọ́n ó ń kú nìyẹn. Èyí tó ń yọ̀ tó sì ń rùn, bakitéríà ni, kì í ṣe algae rárá, ẹ fi rọ́bà fà á jáde, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nitrate (òun náà jẹ́ oúnjẹ ewéko) ti di 0 tàbí omi ò rìn dáadáa níbẹ̀.

Edé Amano àti ìgbín nerite máa ń jẹ algae gan-an, àmọ́ oògùn algae tó bá ní copper máa pa wọ́n, ẹ ka ara ìgò.

Ewé tó ti bàjẹ́ kì í padà mọ́, torí náà ewé tuntun tó ń yọ ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá ń jáde ní mímọ́, ẹ gé àwọn àtijọ́ dànù.